Ìrírí yín lórí yíyẹ púùlù wò kí ẹ tó ra ilé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo rí i pé òrùlé, ògiri àti ìwé ilé la sábà máa ń béèrè nípa wọn. Tí a bá wá dé ẹ̀yìnkùlé tí a bá adágún ìlúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, omi tó ń dán á ti gbà wá lọ́kàn. Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sanwó ilé tó ní púùlù láìkọ́kọ́ wo ibi tí omi dé lára táìlì.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi ń wá ilé, a dé ọ̀kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí púùlù rẹ̀ mọ́ tónítóní. Bí éjẹ́ǹtì ṣe ń ròyìn pálọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí omi. Ní apá ibi tó jìn, omi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo táìlì tán; ní òdìkejì, ìdajì táìlì ló hàn síta. Ojú omi kì í dagun, á jẹ́ pé púùlù gan-an ló ti rì sí apá kan. Mo tọ etí rẹ̀ lọ títí mo fi rí ibi tí táìlì ti là. Lílà náà gòkè dé orí òkúta etí púùlù, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú sìmẹ́ǹtì lábẹ́ omi. Tí ẹ bá rí àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó rí bí òwú aláǹtakùn lójú sìmẹ́ǹtì nìkan, ẹ má tìtorí ẹ̀ sá. Èyí tó bá la táìlì, tó la etí, tó tún wọ ilẹ̀ lọ, ó ti kan eegun púùlù.

Ẹni tó yẹ ilé wò fún wa ti sọ pé púùlù kò sí nínú iṣẹ́ tòun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ tiyín náà, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í fọwọ́ kàn án àfi tí ẹ bá dá a sọ lọ́tọ̀. Bí a ṣe pe oníṣẹ́ púùlù nìyẹn. Ó mú igi kékeré kan, ó ń fi kan ògiri púùlù lókè omi. Níbi tó dára, ó ń dún kọ́, kọ́. Nígbà tó dé igun kan, ìró yẹn yí padà, ó wá dún bí ohun tó ṣófo nínú. Sìmẹ́ǹtì ojú rẹ̀ ti ṣí kúrò lára kọnkéré. Ó tún fi àbàwọ́n pupa kan hàn wá nísàlẹ̀, ó ní irin inú kọnkéré ló ń dípẹtà. Ẹni tó ń ta ilé kọ̀ láti dín owó, a sì fi ilé sílẹ̀ fún un.

* * *

Ẹ ṣé gan-an, àǹtí. Ní tèmi, púùlù kò là, kò sì rì. Ó ń jò ni, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè fojú rí i, torí ẹ̀rọ kan wà tó ń bu omi kún un fúnra rẹ̀. Bí omi bá ṣe ń lọ ni òmíràn ń wọlé, ojú omi á sì dúró síbi tó wà. Ẹ ní kí wọ́n ti ẹ̀rọ yẹn pa kí ẹ tó wo ohunkóhun.

Korobá ni mo fi dán an wò. Ẹ bu omi púùlù sínú korobá, ẹ gbé e ka orí àtẹ̀gùn inú omi, kí ojú omi inú rẹ̀ bá ti ìta dọ́gba. Ẹ fi téèpù sàmì sí méjèèjì, ẹ pa pọ́ǹpù, kí ẹ sì padà wá wò ó lẹ́yìn wákàtí 24. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ á fà díẹ̀, ó lè tó ìdajì sẹ̀ǹtímítà lóòjọ́ tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fà nínú korobá náà ni wọ́n máa fà níta. Tí ti púùlù bá fi lọ sílẹ̀ ju ti korobá lọ, ó ń jò nìyẹn. Tí òjò bá rọ̀, ẹ tún un ṣe. Ẹ tún un ṣe pẹ̀lú pọ́ǹpù ní títàn náà: tó bá jò jù báyìí, páìpù tó ń dá omi padà ni kí ẹ fura sí.

Onílé gbà kí omi máa lọ ká lè mọ ibi tó máa dúró sí. Ó sọ̀ kalẹ̀ títí ó fi dé ọ̀gangan iná inú omi, ibẹ̀ ló dúró sí gbọn-in. Ẹnu páìpù wáyà tó wà lẹ́yìn iná náà ló ń gbà jáde. Wọ́n dí i, kò jò mọ́, onílé ló sanwó rẹ̀, mo sì ra ilé náà.

* * *

Èmi abiyamọ ní ọ̀rọ̀ kan: ẹ wo ìdérí ihò ìfàmi tó wà nísàlẹ̀. Agbára pọ́ǹpù lè di ọmọdé mú síbẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún 7 kan, Virginia Graeme Baker, kú bẹ́ẹ̀ ní 2002 nínú adágún omi gbígbóná. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi sọ òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2007 lórí irú ìdérí tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ní ilé tí a wò, mo fi ọ̀pá àwọ̀n ti ìdérí náà, ó mì. Mo ní mi ò ní buwọ́ lùwé àfi tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ṣe é. Ẹ wo géètì ọgbà púùlù náà, ó yẹ kó máa pa dé fúnra rẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó sọ ti korobá, ẹ jọ̀ọ́, omi ilé tí mo ń wò ti di aláwọ̀ ewé, mi ò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rárá. Ṣé kí n ní kí wọ́n fà á gbẹ ni?

* * *

Rárá o, àbúrò. Ìwọ̀n omi inú púùlù ló ń dì í mọ́lẹ̀. Tó bá ṣófo, omi abẹ́ ilẹ̀ lè tì í sókè, pàápàá lásìkò òjò. Èyí tí wọ́n fi fáíbà ṣe lè léfòó kúrò nínú kòtò rẹ̀, ti kọnkéré náà lè gbéra kó sì là. Tó bá jẹ́ rọ́bà ni wọ́n tẹ́ sí i nínú, rọ́bà náà lè sún kì. Oníṣẹ́ tó mọ ilẹ̀ ibẹ̀ nìkan ni kó fà á.

Ní kí wọ́n fi chlorine wẹ omi náà, kí pọ́ǹpù máa sẹ́ ẹ títí wàá fi rí ihò ìsàlẹ̀ kedere. Má buwọ́ lu ohunkóhun kó tó dìgbà náà. Tó bá mọ́, kí wọ́n wọn pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n bí omi náà ṣe ní ásíìdì sí; láti 7.2 sí 7.8 ló dára. Tí pH náà bá ti lọ sílẹ̀ gan-an fún ìgbà pípẹ́, omi náà ti ń jẹ sìmẹ́ǹtì àti irin nìyẹn. Wo ibi tí omi ti ń padà wọlé: tó bá ń tú afẹ́fẹ́ jáde ṣáá, afẹ́fẹ́ ń ráyè wọlé níbì kan ṣáájú pọ́ǹpù. Fọwọ́ kan ilẹ̀ abẹ́ pọ́ǹpù náà bóyá omi ń jò síbẹ̀. Tí wọ́n bá kọ̀ láti tan pọ́ǹpù fún ọ, ka púùlù náà sí èyí tí kò ṣiṣẹ́, kí o sì dúnàádúrà lórí ìyẹn.