Fíìmù adẹ́rùbani èdè Sípéènì: èwo ni kí n fi ṣe ẹ̀kẹta?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Fíìmù mẹ́ta ni mo fẹ́ tò léra, lórí ìdílé tó ń jẹrà nínú ìlú tó ti bàjẹ́. Méjì ti dájú.

Somos lo que hay (Mẹ́síkò, 2010) ni àkọ́kọ́: bàbá kú, ó wá ku àwọn ọmọ láti máa wá ẹran ènìyàn tí ilé ń jẹ. Ọmọ tí kò nílé àti aṣẹ́wó ni wọ́n ń lé kiri, torí ọlọ́pàá ò ní da ara ẹ̀ láàmú lórí wọn. Ẹ má dárúkọ àtúnṣe Amẹ́ríkà ti 2013 fún mi: ìyá ló kú níbẹ̀, wọ́n sì gbé ìtàn náà kúrò ní ìgboro, ìṣẹ́ ìlú ńlá bá pòórá.

Èkejì, La llorona tí Jayro Bustamante darí (Guatemala, 2019); Llorona ni iwin obìnrin tó ń sunkún nínú ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn. Hollywood náà gbé Llorona tirẹ̀ jáde lọ́dún yẹn, ẹ ṣọ́ra kẹ́ ẹ má gbé èyí tí kì í ṣe e.

Ẹ̀kẹta ni mi ò tíì rí mú. Musarañas (Sípéènì, 2014) dára, àmọ́ inú ilé aránṣọ tí kò lè jáde síta ló há sí. Madrid ọdún 1950 sí 1959 kò fi bẹ́ẹ̀ hàn. Àbí Huesera (Mẹ́síkò, 2022), tí oyún di ìdààmú? Èwo lẹ ó mú, kí ló sì yẹ kó ṣáájú?