Yọ́ àbí yòrò? Àwọn ọ̀rọ̀ tó yẹ fún òkè Karwendel

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ìpínrọ̀ tí wọ́n ní ká yẹ̀ wò fún ìwé ìmọ̀ nìyí, ká lè jọ fẹnu kò lórí àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀:

> Karwendel jẹ́ òkè gíga kan ní Ọ́stríà. Òkúta ẹfun ni wọ́n fi ṣe é. Omi ti yọ́ òkúta náà, ihò sì pọ̀ lára rẹ̀. Ó ga tó 2,749 mítà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. "Wọ́n fi ṣe é": ta ni wọ́n? Kò sẹ́ni tó mọ Karwendel bí ẹni ń mọ ògiri. "Òkúta ẹfun ló pọ̀ jù níbẹ̀" ti tó.

"Òkè gíga kan" náà kò tọ̀nà. Ìlà òkè mẹ́rin ni, wọ́n nà láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, àfonífojì gígùn sì wà láàárín wọn. Nordkette ló kọjú sí ìlú Innsbruck ní gúúsù. Gleirsch-Halltal tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìyẹn ni Hinterautal-Vomp, níbi tí Birkkarspitze wà. Birkkarspitze yìí nìkan ló ga tó 2,749 mítà, kì í ṣe gbogbo wọn. Ìlà ti àríwá ni ààlà Ọ́stríà àti Jámánì gbà kọjá lókè ìlú Mittenwald, nítorí náà "ní Ọ́stríà" nìkan kò pé.

Kí la ó wá pe gbogbo rẹ̀ lápapọ̀? Ẹnì kan dábàá "ẹsẹ̀ òkè" fún ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé a máa ń to nǹkan lẹ́sẹẹsẹ. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òkè ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ tipẹ́: ibi tí òkè ti bẹ̀rẹ̀ ni. Bí a bá kọ ọ́ pé abúlé Scharnitz wà ní ẹsẹ̀ òkè kejì, òǹkàwé á sọnù. "Ìtò òkè" náà wà nínú àbá. Ó dára létí, àmọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ti í fi àmì sí i, ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa kà níbẹ̀. Mo fara mọ́ "ọ̀wọ́ òkè" fún àpapọ̀ wọn, "ìlà òkè" fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, "góńgó" fún ṣóńṣó orí wọn.

Ibi "omi yọ́ òkúta" gan-an ni iṣẹ́ wà. Ohun tí ooru bá sọ di omi la ń sọ pé ó yọ́: òrí yọ́, ìda yọ́, yìnyín yọ́. Iyọ̀ tí a dà sínú omi tútù kò yọ́, ṣe ló yòrò. Méjèèjì ló ṣẹlẹ̀ ní Karwendel, ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ kò sì jọra rárá. Yìnyín ìgbà àtijọ́ tó kún àwọn àfonífojì náà gbẹ́ òkè, ó ha á, ó kó àfọ́kù rẹ̀ lọ, kó tó wá yọ́. Yìnyín tó ti àfonífojì odò Inn wá tilẹ̀ kó òkúta àjèjì láti àárín gbùngbùn Alps, àwọn òkè ńlá tí Karwendel jẹ́ ara wọn, wọ inú Karwendel. Wọ́n ṣì wà níbẹ̀ láàárín òkúta ẹfun, ojú lásán sì tó láti dá wọn mọ̀. Òkúta ẹfun ní tirẹ̀ ń yòrò. Òjò ń gba kábọ́nì dáyọ́ksáídì nínú afẹ́fẹ́, ó tún ń gbà sí i nínú ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò ti ń mí, á wá kan díẹ̀, á sì máa gbé òkúta lọ láìjẹ́ pé omi náà dà rú.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì lórí "yòrò", kó wo Halltal nínú ọ̀wọ́ òkè kan náà. Wọ́n wa iyọ̀ níbẹ̀ láti ọ̀rúndún kẹtàlá títí di 1967. Iyọ̀ náà dà pọ̀ mọ́ amọ̀, dígà kò lè yọ ọ́ ní mímọ́. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á gbẹ́ yàrá sínú òkè, wọ́n á da omi kún un, iyọ̀ á yòrò, amọ̀ á rì sísàlẹ̀, omi iyọ̀ á sì gba inú ọ̀pá sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú Hall, níbi tí wọ́n ti ń sè é títí iyọ̀ nìkan á fi ṣẹ́ kù. Ibi tí iná ti dé nìyẹn, kì í ṣe inú òkè. Lítà omi kan lè gba iyọ̀ tó ju 300 gíráàmù lọ. Òkúta ẹfun tó máa ń wà nínú lítà omi ìsun kan kì í pé gíráàmù kan. Iye tó ń yòrò ló yàtọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe kan náà ló bá méjèèjì mu.

Torí náà àbá mi ni pé ká yanjú ọ̀rọ̀-ìṣe ṣáájú orúkọ. Yìnyín ń gbẹ́ òkè. Ọ̀gbàrá ń jẹ ilẹ̀. Òtútù ń la òkúta, nítorí omi inú ìlàjì rẹ̀ ń dì, ó sì ń fẹ̀. Omi òjò ń mú òkúta ẹfun yòrò. Bí a bá pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sábẹ́ "yọ́", kò sí orúkọ tí a ó fún àwọn ihò wọ̀nyẹn tí yóò yé èèyàn.

Ihò ọ̀hún ló kù. Nǹkan mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ kan yìí.

Àkọ́kọ́ ni ipa tí omi ń fi sílẹ̀ lójú òkúta tó ṣí sílẹ̀. Àwọn kékeré fẹ̀ tó ìka kan, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn láti òkè wá sísàlẹ̀. Àwọn ńlá gba odindi ẹsẹ̀. Poro ni mo fẹ́ ká pè é: àgbẹ̀ mọ poro, ó mọ̀ pé àárín ebè méjì ni, ó sì mọ̀ pé omi ló ń gbà á. "Poro òkúta" tí òjò dídì bò mọ́lẹ̀ ni ó máa ń ṣẹ́ èèyàn lẹ́sẹ̀ níbẹ̀. (Òjò dídì ni mo kọ, kì í ṣe yìnyín. Bíbélì ti yà wọ́n sọ́tọ̀ fún wa tipẹ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tún dà wọ́n pọ̀.)

Ìkejì ni ibi tí ilẹ̀ ti jìn wọlé tí omi ń gbà wọnú òkè. Kò ní ojú ọ̀nà àbájáde lókè. "Kòtò amumi" ni àbá mi.

Ìkẹta ni ihò gidi, inú òkúta tí èèyàn lè wọ̀. Kí ihò máa jẹ́ ihò.

Ìkẹrin ni èyí tí wọ́n ń pè ní Kar ní èdè Jámánì. Ó wà nínú orúkọ Birkkarspitze, ó wà nínú Kaltwasserkarspitze, ó wà nínú Hafelekar tó wà lókè Innsbruck, nítorí náà òǹkàwé gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Yìnyín ló gbẹ́ ẹ. Àwọn kan ní ká pè é ní "agbada yìnyín", ṣùgbọ́n ẹnu agbada yí ká. Kar ní ògiri lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, iwájú rẹ̀ ṣí sí àfonífojì. Kọ̀rọ̀ nìyẹn. "Kọ̀rọ̀ yìnyín."

Ẹ kíyè sí i pé ní ọ̀pọ̀ òkè mìíràn, adágún ló máa ń wà nínú kọ̀rọ̀ yìnyín. Ní Karwendel, gbígbẹ ni púpọ̀ nínú wọn wà, bó ti wù kí òjò pọ̀ tó, nítorí ilẹ̀ wọn ń mu omi. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní Hinterautal, ni omi ti ń jáde lójú ìsun púpọ̀ níbi tí wọ́n ń pè ní "Níbi Àwọn Odò", tó sì di odò Isar tó gba Munich lọ bá Danube.

———

Ẹ̀gbọ́n, a dúpẹ́. Mo gba yòrò, mo gba poro, kọ̀rọ̀ yìnyín sì dùn mọ́ mi. Òkúta ẹfun tí ẹ fò kọjá bí ohun tí kò níjà ni mo fẹ́ dì mú.

Ẹfun ọjà tí a mọ̀, amọ̀ funfun ni. Òkúta Karwendel kì í ṣe amọ̀. Ẹni tó bá ka "òkúta ẹfun" á rò pé ohun rírọ̀ tó ń kun ọwọ́ ni, bẹ́ẹ̀ ògiri Laliderer, tí òkúta yìí dá dúró níbẹ̀, ga ju 700 mítà lọ, gbọnrangandan. Irú òkúta tí wọ́n ń wà ní Ewékorò ní ìpínlẹ̀ Ògùn fún sìmẹ́ǹtì ni, kì í ṣe ti inú igbá ẹfun.

Ọ̀nà àtimọ̀ rẹ̀ kò le. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ojú òkúta náà kó mọ́, ẹ kán ásíìdì háídrókílórìkì tí a ti là (ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún) sí i lẹ́ẹ̀kan. Òkúta ẹfun á hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Amọ̀ funfun kò ní ṣe nǹkan kan. Dólómáìtì, òkúta tó jọ òkúta ẹfun àmọ́ tó ní magnẹ́síọ̀mù nínú, wà láàárín: kò ní hó tó bẹ́ẹ̀ lójú òkúta, àfi bí ẹ bá ha á di lẹ́búlẹ́bú kí ẹ tó kán an. Ọtí kíkan ilé ìdáná náà ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ó lọ́ra, ẹ ó ní láti tẹjú mọ́ ọn. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á kán ásíìdì sójú ìlàjì tí kásáìtì, ohun tó pọ̀ jù nínú òkúta ẹfun, ti dí. Ohun tó wà nínú ìlàjì á hó, wọ́n á sì sọ pé gbogbo òkúta ló hó.

Mi ò sì lè fi dólómáìtì sílẹ̀, nítorí Karwendel ní méjèèjì, ojú sì ń rí ìyàtọ̀ wọn. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń pè ní Wetterstein ló ń dá ògiri ńlá dúró. Dólómáìtì tí wọ́n ń pè ní Hauptdolomit ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bí òtútù ti ń là á, ó sì ń dà sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀gbun. Kí la ó pe ìdàsílẹ̀ yẹn? "Òkúta wẹ́wẹ́" ti di ti àwọn kọ́lékọ́lé. Mo dábàá "àwókù òkè".

Lórí kòtò amumi, ẹ jẹ́ kí n fi kún un, nítorí orúkọ náà ní ìkìlọ̀ nínú. Iyanrìn máa ń sẹ́ omi. Ìlàjì òkúta ẹfun kì í sẹ́ nǹkan kan. Ìgbẹ́ màlúù tí òjò fọ̀ wọnú kòtò amumi lókè lè yọ lójú ìsun kó tó pẹ́. Innsbruck ń mu omi Nordkette láti ìsun Mühlau, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. Bí wọ́n bá fẹ́ mọ kòtò tó ń bọ́ ìsun wo, aró ni wọ́n ń dà sínú omi tó ń wọlé. Mo pè é ní "aró ìtọpa". Wọ́n á kọ́kọ́ bu omi ìsun wò ṣáájú, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá nǹkan tó jọ aró ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n á so àpò èédú mọ́ ojú ìsun kọ̀ọ̀kan láti mú aró náà, wọ́n á sì máa pààrọ̀ rẹ̀. Bí wọ́n bá da aró nígbà ọ̀dá, ó lè há sínú òkè títí òjò ńlá yóò fi dé. Bí wọ́n bá da aró kan náà sí kòtò méjì láàárín ìgbà díẹ̀, àbájáde rẹ̀ kò wúlò fún ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá orúkọ mìíràn fún òkúta ẹfun, ẹ jọ̀ọ́.

———

Àbúrò, o ṣeun. Mo gba àwókù òkè àti aró ìtọpa láìjanpata.

Lórí ẹfun, mi ò ní yí padà. Orúkọ ò jẹ kẹ́mísìrì ní gbèsè. Ní Kúbà, àwọn ọmọ Lùkúmí, tí ẹ̀sìn wọn ti ilẹ̀ Yorùbá wá, ṣì ń pe nǹkan funfun tí wọ́n fi ń ṣètùtù ní ẹfun, èèpo ẹyin tí wọ́n lọ̀ ni. Kán ọtí kíkan sí i, á hó, nítorí ohun tó wà lára òkúta Karwendel ló wà lára èèpo ẹyin. Ohun tó funfun tó sì ń ṣeé lọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí, amọ̀ nìkan kọ́. "Òkúta sìmẹ́ǹtì" tí ẹlòmíì máa mú wá burú jù, nítorí èèyàn á rò pé bílọ́ọ̀kù ni. Ká fi àlàyé kan sí ibi tí ó ti kọ́kọ́ hàn, ká lọ.

Kásítì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń pe ilẹ̀ òkúta ẹfun tí omi ti mú yòrò báyìí, ńkọ́? Orúkọ ibì kan ni, lẹ́yìn Trieste, ní ààlà Ítálì àti Slofẹ́níà, tí irú ilẹ̀ yìí pọ̀ sí. Mi ò rí ìdí tí a ó fi túmọ̀ orúkọ ibì kan. Kó dúró bẹ́ẹ̀. Bákan náà ni Lamsenjoch àti Hohljoch: "àlàfo òkè" la ó fi ṣàlàyé wọn, kí orúkọ wọn wà bó ṣe wà.

Èyí ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ padà bí ẹnikẹ́ni kò bá ní àtúnṣe:

> Karwendel jẹ́ ọ̀wọ́ òkè ní àríwá Alps, láàárín Innsbruck ní Ọ́stríà àti Mittenwald ní Jámánì. Ìlà òkè mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Góńgó tó ga jù ni Birkkarspitze, 2,749 mítà. Òkúta ẹfun (òkúta tí ọtí kíkan ń mú hó) àti dólómáìtì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Yìnyín ìgbà àtijọ́ gbẹ́ kọ̀rọ̀ sí i lára. Omi òjò ń mú òkúta ẹfun yòrò, ó ń la poro sójú rẹ̀, ó sì ń gba inú kòtò amumi wọnú òkè. Nítorí èyí, òkè gbẹ lókè, ìsun sì pọ̀ nísàlẹ̀. Dólómáìtì ń fọ́, ó sì ń di àwókù òkè.