Ìbọn yìn mọ́ mi lọ́wọ́ láàárọ̀ yìí, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Ajílété, Houston
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú pé mi ò kí yín dáadáa. Ọwọ́ mi ṣì ń gbọ̀n. Ìbọn yìn mọ́ mi lọ́wọ́ ní yàrá, ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀. Kò bà mí, kò ba ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ti dé. Mo yọ ìbọn lé orí bẹ́ẹ̀dì kí n lè pààrọ̀ ṣòkòtò, mo fẹ́ dá a padà sínú àpò rẹ̀ ní ìbàdí, mo kàn gbọ́ gbàù! Ọta la ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi kọjá, ó wọ inú àpò gààrí tí ìyàwó mi gbé ti ògiri, ó sì wọ ilẹ̀ lọ. Gààrí ń ṣàn jáde láti ojú ihò yẹn díẹ̀díẹ̀ bí iyanrìn, èmi dúró, mò ń wò ó, etí mi ń hó. Ọmọ mi ọlọ́dún mẹ́rin wà ní yàrá kejì.

Àpò ìbọn náà, awọ ni. Ìlú Ọ̀yọ́ ni mo ti ní kí wọ́n bá mi ṣe é nígbà tí mo lọ sílé ní Disẹ́ńbà. Ìbọn, tèmi ni, kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni mo máa padà síbi iṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, irú àpò wo ni kí n rà lónìí? Ṣé kí n sọ fún ọ̀gá mi ni àbí kí n dákẹ́?

Ìyá Bọ́lá, Katy
Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló ń gbé ìsàlẹ̀ yín? Ẹ lọ kan ilẹ̀kùn wọn kí ẹ tó tún tẹ nǹkan kan síbí.

Ọmọ Ajílété, Houston
Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ la wà, mà. Kọnkéré ló wà lábẹ́ wa.

Ìyá Bọ́lá, Katy
Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Ẹ mú ọmọ yẹn dání, ẹ bá a sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lẹ́yìn etí, kí ẹ rí i bóyá ó gbọ́. Ìró ìbọn nínú yàrá kì í ṣe eré fún etí ọmọdé. Ìyàwó yín náà ńkọ́?

Ọmọ Ajílété, Houston
Ọmọ ń gbọ́ràn. Ìyá rẹ̀ ò tíì bá mi sọ̀rọ̀.

Ìyá Bọ́lá, Katy
Ẹ fún un láyè. Èmi mọ bó ṣe ń ṣe é. Inú báàgì ìléwọ́ ni mo máa ń ju ìbọn kékeré mi sí, kò sí àpò lára rẹ̀, òun àti kọ́kọ́rọ́ àti bírò àti àtíkè ló jọ wà níbẹ̀. Mo ń dín dòdò lọ́jọ́ kan, mo yíjú padà, Bọ́lá ti ń wá súìtì nínú báàgì, ẹnu ìbọn ti yọ síta, ìdí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Dòdò jó di èédú. Ní ìpínlẹ̀ Idaho, ní Disẹ́ńbà 2014, ọmọ ọdún méjì ló fa ìbọn yọ nínú báàgì ìyá rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá, ìbọn yìn, ìyá náà sì kú. Ìròyìn yẹn ni mo rántí, ni mo bá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kíṣìnnì, mo sunkún. Láti ọjọ́ náà, ìbọn mi tí kò bá sí nínú àpò líle ní ìbàdí mi, inú àpótí onírin tí mo tì ló wà. Kò sí ibi kẹta.

Baba Ìbejì, San Antonio
Àbúrò, ya àwòrán àpò náà ránṣẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni mo fẹ́ rí, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ṣọnà sí.

Ọmọ Ajílété, Houston
Mo ti fi ránṣẹ́, sà.

Baba Ìbejì, San Antonio
Mo ti rí i. Ẹ̀yin tó kù, ẹ wo apá òsì ẹnu àpò yẹn. Ó ti rọ̀, ó ti tẹ́ bí ahọ́n bàtà àtijọ́, ó sì ti ká wọnú. Ẹ wo ibi tó ń dán yẹn, tó dà bí ibi tí èèyàn fi àtàǹpàkò pa títí. Tírígà ló ń ha á láti bí oṣù mélòó kan. Àpò yìí ti ń sọ fún un tipẹ́. Irú ìbọn tó ní yẹn kò ní ìtì tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ahọ́n kékeré tó wà lójú tírígà nìkan ni ìtì tó wà níta lára rẹ̀, ohunkóhun tó bá ti tẹ ahọ́n yẹn pẹ̀lú tírígà, ó parí. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìka àti awọ tó ká. Okùn tó máa ń rọ̀ sílẹ̀ létí jákẹ́ẹ̀tì náà lè ṣe é. Etí ṣẹ́ẹ̀tì náà lè ṣe é.

Àpò ìbọn, iṣẹ́ mẹ́ta ni mò ń bá a wá: kó bo tírígà pátápátá pẹ̀lú ohun tó le, kó di ìbọn mú kó má bọ́ tí èèyàn bá sáré tàbí ṣubú, kí ẹnu rẹ̀ sì máa là sílẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ìbọn kò sí nínú rẹ̀. Èyí tí ẹnu rẹ̀ bá ń pa dé, ẹ má lò ó.

Àlàbí, Dallas
Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n kí ló dé tó fi yọ ìbọn kúrò nínú àpò? Ìbéèrè tèmi nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ pààrọ̀ ṣòkòtò, tòun tàpò ló yẹ kó bọ́ ọ lára ìgbànú, kó gbé méjèèjì sílẹ̀ pọ̀. Ìbọn tí ọwọ́ kò kàn kì í sábà yìn.

Ọmọ Ajílété, Houston
Wọ́n rán ojú ìgbànú mọ́ àpò náà ni, bọ̀dá. Àfi kí n tú ìgbànú palẹ̀ kó tó jáde.

Àlàbí, Dallas
Kí o tú u! Mi ò bá ọ jà o. Mò ń sọ ọ́ nítorí ojú mi ti rí i. Ní 2018, mò ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ìbọn yọ̀ kúrò nínú àpò aláṣọ olówó pọ́ọ́kú tí mo rà, ó ń já bọ̀ wá sílẹ̀, mo nawọ́ hán an. Ìka mi bọ́ sórí tírígà lófuurufú. Ọta gba itan mi wọlé, ó jáde lókè orúnkún. Ká ní mo jẹ́ kó ṣubú ni, bóyá ara ìbọn nìkan ni ì bá ha. Owó tí mo fẹ́ fi kan òrùlé ilé mi ní Òkè-Adó ni ilé ìwòsàn gbà. Ilé yẹn ṣì wà ní lẹ́ńtẹ́ẹ̀lì dòní. Ẹ jẹ́ kó ṣubú o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má hán an.

Ọmọ Àkẹ̀sán, Atlanta
Mo ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń sọ. Ó kù díẹ̀ kí ẹ ní oníṣọ̀nà Ọ̀yọ́ ló yìnbọn. Ẹ jẹ́ kí n béèrè: awọ kí ni? Ṣé o mú ìbọn lọ sọ́dọ̀ wọn kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n?

Ọmọ Ajílété, Houston
Báwo ni mo ṣe máa mú ìbọn wọ Nàìjíríà? Àwòrán ni mo fi hàn wọ́n lórí fóònù, pẹ̀lú ìwọ̀n gígùn àti fífẹ̀. Awọ ewúrẹ́ ni. Mo fẹ́ kó ní pupa àti ewé nínú.

Ọmọ Àkẹ̀sán, Atlanta
Ó tán! Awọ ewúrẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe tìmùtìmù àti abẹ̀bẹ̀. Ó rọ̀, ó sì gba aró dáadáa, ìdí tí ọnà fi ń yọ lára rẹ̀ nìyẹn. Awọ màlúù tó nípọn ni wọ́n ń fi ṣe àpò ìbọn. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi, wọ́n á mọ ọ́n mọ́ ara ìbọn náà gan-an títí á fi gbẹ, wọ́n á tún rán awọ kejì tàbí kí wọ́n fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹnu rẹ̀ kó má lè ká. Ohun tí o béèrè ni wọ́n ṣe fún ọ. O béèrè ẹwà, wọ́n fún ọ ní ẹwà.

Àlàbí, Dallas
Oníṣọ̀nà tó mọṣẹ́ yẹ kó sọ pé kò níí ṣe é.

Ọmọ Àkẹ̀sán, Atlanta
Ẹni tí kò rí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀? Bàbá mi ló ń ṣọnà sára awọ, orí iṣẹ́ yìí ló ti rán mi níléèwé. Mi ò ní jẹ́ kí ẹ bà á jẹ́.

Baba Ìbejì, San Antonio
Kò sẹ́ni tó fẹ́ bà á jẹ́. Ẹ̀bi àpò wà níbẹ̀, ẹ̀bi ọwọ́ náà sì wà níbẹ̀. Àbúrò, lẹ́yìn kíláàsì Level 3 tí ẹ̀ṣọ́ tó ń gbé ìbọn ń lọ ní Texas, ẹ̀ẹ̀melòó lo ti fi ìbọn òfìfo kọ́ ọwọ́ rẹ nílé?

Ọmọ Ajílété, Houston
Mi ò ṣe é rí, sà.

Baba Ìbejì, San Antonio
Ibi tí mò ń lọ nìyẹn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Sẹ́pẹ́tẹ́ńbà 2021 tí Texas ti ní ẹni tó bá ti pé ọdún 21, tí òfin kò sì dè é, lè gbé ìbọn ìléwọ́ láìgba ìwé àṣẹ, ọ̀pọ̀ èèyàn ti rò pé ríra ni gbogbo rẹ̀. Ìwọ tiẹ̀ lọ sí kíláàsì. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kì í rántí ohun tí wọ́n sọ fún un lẹ́ẹ̀kan.

Bí mo ṣe ń ṣe é láti ìgbà tí mo wà ní iṣẹ́ ológun nìyí. Mo kọ́kọ́ yọ mágásíìnì, ìyẹn ilé ọta, lẹ́yìn náà ni mo fa sláìdì, irin orí ìbọn tó ń sún sẹ́yìn. Tí o bá kọ́kọ́ fa sláìdì tí mágásíìnì ṣì wà níbẹ̀, ọta mìíràn lo tún ń kì sínú rẹ̀. Mo wo inú ihò, mo fi ìka kàn án, mo tún wò ó. Ọta kankan kò gbọdọ̀ sí nínú yàrá tí mo wà. Mo wá kọjú sí ògiri tí ọta kò lè là kọjá. Mo di ìdí ìbọn mú ṣinṣin nígbà tó ṣì wà nínú àpò, ọwọ́ òsì wà láyà. Mo fà á sókè gbọọrọ, mo yí ẹnu rẹ̀ síwájú, ọwọ́ méjèèjì pàdé níwájú àyà, mo nà án lọ. Ní gbogbo ìgbà yìí, ìka ìfábẹ̀lá mi nà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ìbọn, kò sún mọ́ tírígà. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Ìyára á wá fúnra rẹ̀.

Dídá a padà ni àwọn èèyàn kì í fi kọ́ra. Ẹ dúró ná. Ẹ bojú wo ẹnu àpò. Ẹ ká aṣọ kúrò. Ẹ tì í wọlé bí ẹni ń gbé ọmọ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì, tó bá sì ti kọ́ nǹkan kan, ẹ má tì í mọ́, ẹ yọ ọ́ kí ẹ wò ó. Kò sẹ́ni tó ń lé yín. Fífà á yọ nìkan ló lè ní kánjúkánjú nínú.

Ìyá Bọ́lá, Katy
Bí ẹni ń gbé ọmọ tó sùn. Ẹ ṣé, Baba Ìbejì.

Akẹ́kọ̀ọ́ Lubbock
Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Físà akẹ́kọ̀ọ́, F-1, ni mo wà lórí rẹ̀, mò ń ronú àtira ọ̀kan nítorí agbègbè mi.

Àlàbí, Dallas
Má rà á o! Òfin ìjọba àpapọ̀ ò jẹ́ kí ẹni tó wà lórí físà bíi tìrẹ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́, àfi nǹkan díẹ̀ bí ìwé àṣẹ ọdẹ. Oní-green card lè ní in. Ẹjọ́ ìbọn lè dá ọ padà sílé kí o tó ka ìwé tán. Kọ́kọ́rọ́ tó dáa ni kí o rà.

Àdùkẹ́, Leeds
Ẹ̀yin ará Texas, ẹ̀rù yín ń bà mí. Lọ́dọ̀ wa níbí, ọdún 1997 ni wọ́n ti gba ìbọn ìléwọ́ kúrò lọ́wọ́ ará ìlú. Ẹ kó ẹrù yín wá síbí, ẹ wá fara mọ́ òtútù.

Àlàbí, Dallas
Òtútù àti òjò àti owó orí! Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ fi wá sílẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń ràn bíi ti Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọmọ Àkẹ̀sán, Atlanta
Ẹ gbọ́ ọ. Tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ méjì, wọ́n á dárúkọ Ògbómọ̀ṣọ́.

Àlàbí, Dallas
Ká má dárúkọ rẹ̀ kẹ̀? Ọdẹ ló tẹ ìlú wa dó. Ògúnlọlá ta ọfà, Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń da Ọ̀yọ́ láàmú ṣubú, wọ́n gbé orí rẹ̀ lọ sílé yín.

Ọmọ Àkẹ̀sán, Atlanta
Sọ ọ́ dáadáa. Ta ni wọ́n gbé orí náà lọ fún? Iwájú Aláàfin ni wọ́n gbé e lọ. Ẹni tó ń gba iṣẹ́ jíṣẹ́ ni ọ̀gá.

Ìyá Bọ́lá, Katy
Ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bàbá tó bí mi lọ́mọ, ọdẹ ni wọ́n ní Ìjẹ̀rù. Ṣakabùlà wọn kì í ní ẹ̀tù nínú nílé. Inú àdó ni ẹ̀tù wà lọ́tọ̀, ọta wà nínú àpò ọdẹ lọ́tọ̀. Tí wọ́n bá ń bọ̀ láti oko, a máa ń gbọ́ ìró ìbọn kan lẹ́yìn ilé, a mọ̀ pé wọ́n ti yìn ín dànù kí wọ́n tó wọlé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á pè wá pé ta ni ó bá àwọn bó ọ̀yà. Mo ń gbọ́ òórùn ẹ̀tù yẹn nísinsìnyí tí mo ń kọ èyí.

Àdùkẹ́, Leeds
Ẹ má ṣe é fún mi báyìí láàárín iṣẹ́, mà.

Ọmọ Ajílété, Houston
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi àpò kydex kan, ike líle, hàn mí tó jẹ́ ti irú ìbọn mi gan-an, ó dún kẹ́-ẹ́ nígbà tó wọlé. Wọ́n ní tó bá jẹ́ pé gbangba ni mo ń gbé e níbi iṣẹ́, kí n mú àpò Level 2 tàbí 3 (ìpele bí àpò ṣe ń di ìbọn mú sí, kì í ṣe ti kíláàsì) tó ní ohun tí àtàǹpàkò ń tẹ̀ kó tó jáde. Mi ò tíì mọ èyí tí ilé-iṣẹ́ gbà láàyè. Ìyàwó mi ti ń jọ gààrí yẹn, ó ní òun ò lè da odidi àpò nù.

Baba Ìbejì, San Antonio
Má gbé àpò tuntun lọ síbi iṣẹ́ lálẹ́ òní. Ọwọ́ rẹ kò mọ̀ ọ́n. Gba ọjọ́ kan, fi ìbọn òfìfo ṣe é lọ́nà ọgọ́rùn-ún.

Ìyá Bọ́lá, Katy
Ẹ sọ fún un kó da gààrí náà nù! Òjé wà lára ọta, kì í ṣe ohun tí asẹ́ ń yọ kúrò. Ẹ má fún ọmọ jẹ. Èmi á fún yín ní díẹ̀ nínú tèmi.

Àlàbí, Dallas
Ti ọ̀gá rẹ ńkọ́? Ka ìwé tí o bọwọ́ lù lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ọ́. Sì dákun, bá lóyà sọ̀rọ̀ kí o tó kọ púpọ̀ sí i síbí. Ní ìlú ńlá bíi Houston, ìbọn tó yìn láìbìkítà lè di ẹjọ́.

Ọmọ Àkẹ̀sán, Atlanta
Àbúrò, má ju àpò yẹn nù. Fi owó ìfìwéránṣẹ́ sí i, kí o fi ránṣẹ́ sí mi. Mo fẹ́ gbé e kọ́ ògiri. Ó ti ju ọdún mẹ́jọ lọ tí mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ ilé wa lójúkojú.

Ìyá Bọ́lá, Katy
Gààrí tèmi náà ti fẹ́ẹ̀ tán o. Ta ló ń bọ̀ láti ilé kí oṣù yìí tó parí? Ọjà Jàgun ni kí wọ́n ti rà á, kó kan dáadáa.

Àdùkẹ́, Leeds
Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló ń bọ̀. Mélòó ni kí n ní kó rà?