Mo fẹ́ máa mọ̀ pé àlá ni mò ń lá, báwo ni mo ṣe máa ṣe é táá fi mọ́ mi lára?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kubwa:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin tèmi, ọ̀rọ̀ yìí lè gùn díẹ̀, ẹ má bínú. Bàbá mi kú lọ́dún 2021. Láti ìgbà yẹn mo máa ń rí wọn lójú àlá, wọ́n á jókòó sí fàráńdà ilé wa, wọ́n á máa fi ọ̀bẹ kékeré bó ọsàn, èèpo yẹn ò ní já, á kàn máa gùn lọ títí á fi kanlẹ̀, èmi á wá jókòó tì wọ́n, màá máa sọ̀rọ̀ owó ilé àti owó epo fún wọn. Ìgbà tí mo bá jí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń rántí pé wọn ò sí mọ́. Ó máa ń dùn mí gan-an torí ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n bá wọn sọ kọ́ ni mo máa ń sọ.

Mo wá kà nípa lucid dream, ìyẹn kéèyàn máa mọ̀ pé àlá lòun ń lá nígbà tó ṣì ń lá a, mo ra ìwé, mo ń kọ àlá sílẹ̀, àmọ́ tó bá di ọjọ́ kẹrin mo ti pa á tì. Aago márùn-ún ni mo ń jáde nílé torí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, aláàmù á dún, màá fò dìde, àlá ti lọ. Wọ́n tún ní kí n máa tẹ súìṣì iná wò, pé lójú àlá kì í tàn. Èwo ni kí n tẹ̀ lé?

Ìyá Ìbejì Kàdúná:
Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Ọ̀rọ̀ súìṣì yẹn, ẹ fi sílẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń mú iná lọ lójoojúmọ́, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lójú àlá tí ò tàn, tọ́ọ̀ṣì lẹ máa wá, kò ní yà yín lẹ́nu. Imú lèmi ń lò. Ẹ fi ìka méjì di imú pa, ẹ pa ẹnu dé, kẹ́ ẹ wá gbìyànjú láti mí. Lójú ayé kò ṣeé ṣe, àmọ́ lójú àlá ẹ̀ẹ́ rí i pé èémí ń wọlé. Kẹ́ ẹ sì bi ara yín pé báwo ni mo ṣe dé ibi tí mo wà yìí, ibo ni mo wà níṣẹ̀ẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn? Tẹ́ ẹ bá kàn ń ṣe é láìronú, bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ṣe é lójú àlá, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan.

Ibi tọ́rọ̀ wà ni pé ẹ ti ní àmì. Ọsàn ni! Àwọn tó ń fi bárò ta ọsàn pọ̀ ní Kubwa ju ohun téèyàn lè kà lọ. Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ti rí ọsàn, ẹ di imú, ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan kọjá.

Ti aláàmù, ẹ má fò dìde. Ẹ má yí ara padà, ẹ má lajú, ẹ kàn bèèrè pé kí ni mò ń lá? Ẹ sọ ọ́ sínú fóònù, kò pọn dandan kẹ́ ẹ kọ ọ́, ọ̀rọ̀ kan péré tó. Ẹni tí kì í rántí àlá, ó lè ti lá irú èyí tẹ́ ẹ ń wá yẹn kó sì ti gbàgbé.

Àbúrò Sábo, Kano:
Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ìyá sọ yẹn dáa, àmọ́ ẹ fi èyí kún un. Àlá tó máa ń ṣe kedere jù, ìgbà oorun tí wọ́n ń pè ní REM ló máa ń wáyé, bíi ìṣẹ́jú 90, ìṣẹ́jú 90 ló ń yípo, ó sì máa ń gùn sí i bílẹ̀ bá ṣe ń mọ́. Aago márùn-ún tẹ́ ẹ ń jáde yẹn, ibi tó dùn jù lẹ ń gé kúrò. Èmi, Àsùbáà ló ràn mí lọ́wọ́. Lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, tí mo bá kírun tán màá padà sùn, kí n tó sùn màá máa sọ lọ́kàn pé tí mo bá tún lálàá, màá rántí pé àlá ni, màá wá fojú inú wo àlá tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lá, kí n rí ibi tó yẹ kí n ti fura. Stephen LaBerge, onímọ̀ nípa àlá tó ṣèwádìí ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, ló gbé ọgbọ́n yìí jáde, ó tún ní káwọn tó ń sùn máa yí ojú sọ́tùn-ún sósì látinú àlá, ẹ̀rọ sì gbà á sílẹ̀ pé oorun ni wọ́n ń sùn. Ní University of Adelaide ní Ọsirélíà, lọ́dún 2017, wọ́n ní káwọn èèyàn máa yẹ ara wọn wò lójú ayé bóyá àlá ni wọ́n ń lá, kí wọ́n jí lẹ́yìn wákàtí márùn-ún, kí wọ́n tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn kí wọ́n tó padà sùn, ó bọ́ sí i fún wọn ní bíi 17 nínú 100. Àwọn tó tètè sùn padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 46. Torí náà tẹ́ ẹ bá jí tẹ́ ẹ sì fẹ́ padà sùn, ẹ má jókòó ti fóònù.

Ẹ̀gbọ́n Lugbe:
Àbúrò, rọra o. Mo gbìyànjú ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo jí lóru, mi ò lè gbé ọwọ́ gbé ẹsẹ̀, nǹkan tẹ̀ mí láyà. Nílé wa ògun òru là ń pè é. Mo pa á tì.

Ìyá Ìbejì Kàdúná:
Ó ti ṣe èmi náà rí, ẹ̀rù bà mí gan-an, mi ò ní parọ́. Tá a bá wà nínú oorun àlá, iṣan ara máa ń rọ ká má baà gbéra ká máa ṣe ohun tá à ń lá, tójú bá wá là kí ara tó tú sílẹ̀, ohun téèyàn máa rí nìyẹn, kì í pẹ́ tán. Àìsùn dáadáa àti fífi ẹ̀yìn sùn máa ń fà á. Ẹ gbàdúrà yín, mi ò ní kẹ́ ẹ má gbà á, àmọ́ ẹ má fi ojoojúmọ́ gé oorun nítorí àlá. Òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ti tó.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kubwa:
Ẹ ṣé gan-an, ọ̀sẹ̀ méjì ti kọjá. Mo ní àlá mọ́kànlá nínú fóònù báyìí, ọ̀rọ̀ kan ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lánàá mo dúró nídìí bárò, mo di imú, ọmọ tó ń ta ọsàn fi Hausa bi mí pé “lafiya?”, ìyẹn ṣé àlàáfíà ni, mo ní lafiya lau, àlàáfíà ni. Láàárọ̀ yìí mo wà lójú àlá, ọsàn wà lórí tábìlì, ọwọ́ mi ti lọ sí imú kí aláàmù tó dún. Mi ò tíì rí bàbá.

Àbúrò Sábo, Kano:
Ọwọ́ ti ń lọ síbẹ̀ fúnra ẹ̀! Sátidé yìí, ẹ pa aláàmù yẹn. Tẹ́ ẹ bá sì ti mọ̀ pé àlá ni, ẹ má jẹ́ kí inú yín dùn jù, ó máa ń jí èèyàn, ẹ fi ọwọ́ ra ọwọ́ kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀ fún bàbá.