Ariwo fáànù nínú kọ̀ǹpútà géèmù: ṣé kéèsì (àpótí rẹ̀) ni kí n pààrọ̀ ni?

Ẹ kú iṣẹ́ o. CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) Ryzen 7 7700X ló wà nínú kọ̀ǹpútà yìí, pẹ̀lú GPU (káàdì àwòrán) RTX 4070 àti kúlà Peerless Assassin 120 SE tó ń mú CPU tutù. Fáànù mílímítà 120 mẹ́ta ń fa afẹ́fẹ́ wọlé níwájú, ọ̀kan ń tì í jáde lẹ́yìn. Àmọ́ gíláàsì ló bo iwájú kéèsì pa. Àlàfo tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ò ju ìbú ìka kan lọ. Yàrá ò ní ẹ́síì, ó máa ń tó 31°C lọ́sàn-án.

Mo ti tan Eco Mode 65W, tó ń dín iná tí CPU ń jẹ kù, nínú BIOS (ojú ìwé ètò kọ̀ǹpútà): CPU já láti 93°C sí 74°C, géèmù ò sì falẹ̀. Mo ti gbọn eruku, mo tún péèsìtì tó wà láàárín CPU àti kúlà fi. Mo wá dín fáànù iwájú kù sí 800 rpm (iye yíyí ní ìṣẹ́jú kan). Kàkà kí ariwo lọ, GPU kúrò ní 78°C, ó di 83°C, fáànù tirẹ̀ wá ń ké bí ẹ̀rọ ìlọta. Tí mo bá ṣí ẹ̀gbẹ́ kéèsì sílẹ̀, 70°C ló máa ń dúró sí. Afẹ́fẹ́ ni ò rọ́nà wọlé, kì í ṣe kúlà.

Ìbéèrè mi rèé: tí mo bá dín fọ́ltéèjì GPU kù sí 0.95 V ní bíi 2,500 MHz, ṣé ìyẹn á tó láti mú fáànù rẹ̀ dákẹ́ nínú kéèsì yìí, àbí kí n kúkú ra kéèsì tó ní àwọ̀n níwájú?