Photodiode wo ló yẹ fún léésà tó ń yára kọ mànà?

Ìbéèrè, láti Manchester:
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo fẹ́ fi photodiode (ẹ̀yà kékeré tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di iná) wo léésà pupa kan tí ìkọmànà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju nanosecond 20 lọ. BPW34, irú photodiode kan, ni mo ní, ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí lójú oscilloscope (ẹ̀rọ tó ń ya bí fólítì ṣe ń lọ sókè sódò) ní ìrù gígùn, kì í tètè wálẹ̀. Ṣé kí n ra avalanche photodiode, èyí tó ń sọ iná rẹ̀ di púpọ̀ nínú ara rẹ̀, ni?

Ìdáhùn, láti Houston:
Àbúrò mi, má tí ì ná owó rẹ. Kọ́kọ́ wò ó bóyá megaohm 1 ni o fi ẹnu oscilloscope náà sí tàbí ohm 50. Mítà kan péré nínú wáyà coaxial máa ń ní capacitance (agbára láti gba iná pamọ́) tó nǹkan bíi picofarad 100. Bí iná bá ti kún inú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé megaohm 1 nìkan ni ọ̀nà àbájáde, yóò gbà á tó microsecond 100 kó tó fà lọ. Odidi ọjọ́ mẹ́ta ni irú rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, wo ojú photodiode náà, nítorí pé bó bá ṣe fẹ̀ tó ni capacitance rẹ̀ ṣe ń pọ̀ tó. Ti BPW34 jẹ́ bíi picofarad 70 láìsí bátìrì, ṣùgbọ́n bí o bá so fólítì 3 mọ́ ọn ní òdìkejì, kí kátóòdù wà lọ́dọ̀ pọ́sítíìfù, á wálẹ̀ sí bíi 25. SFH 203, photodiode mìíràn tí ojú rẹ̀ kéré gan-an, ni mo fara mọ́ jù. Kìkì pé o gbọ́dọ̀ darí ìmọ́lẹ̀ sójú kan gẹ́lẹ́.

Avalanche kò kàn ọ́ níhìn-ín. Àwọn tí ìmọ́lẹ̀ wọn ṣọ̀wọ́n, bí àwọn tó ń fi léésà wọn ọ̀nà jíjìn, ló wúlò fún; èyí tí a fi sílíkọ́nì ṣe sábà máa ń fẹ́ fólítì tó ju 100 lọ, ooru yàrá sì máa ń yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Bó bá jẹ́ ìmọ́lẹ̀ inú okùn fiber ní nanometre 1550 ni, InGaAs (èyí tí a fi indium, gallium àti arsenic ṣe) ni ǹ bá ní kí o rà, nítorí pé sílíkọ́nì kì í rí ohun tó bá ti kọjá nǹkan bíi 1100.

Manchester:
Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti yí i sí ohm 50, mo sì so bátìrì fólítì 9 mọ́ ọn. Ìrù náà ti lọ, ṣùgbọ́n mílífólítì 20 péré ni mo ń rí.

Houston:
Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Mílíwáàtì 1 ìmọ́lẹ̀ pupa ń mú nǹkan bíi mílíáńpíà 0.4 jáde nínú sílíkọ́nì, mílífólítì 20 náà nìyẹn lórí ohm 50. Má ṣe fi resistor tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ sí i, ìrù náà á padà wá. Amplifier transimpedance (èyí tó ń sọ áńpíà di fólítì) tó yára ni kí o fi gbé e sókè.