Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: "khuliganstvo" àti "riot", báwo lẹ ṣe ń túmọ̀ wọn?

Ọmọ_Mọ́sko: Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ògbufọ̀. Ìwé kọ́ọ̀tù kan láti Rọ́ṣíà wà lọ́wọ́ mi, lọ́yà kan ní Lọ́ńdọ̀nù fẹ́ ẹ lédè Gẹ̀ẹ́sì. "Khuliganstvo" (ìwà jàgídíjàgan ní gbangba) wà nínú ẹ̀, "massovye besporyadki" (rògbòdìyàn ọ̀pọ̀ èèyàn, tí mo fẹ́ pè ní "riot") náà wà níbẹ̀. Kí ni kí n kọ, sáìtì wo ni mo sì lè gbára lé?

Ìyá Ògbufọ̀: Ọmọ mi, nọ́ńbà abala òfin ni kó o kọ́kọ́ wá. Khuliganstvo ti abala 213 nínú ìwé òfin ọ̀daràn Rọ́ṣíà, ẹjọ́ ọ̀daràn pọ́ńbélé nìyẹn, òun ni wọ́n fi ju àwọn obìnrin ẹgbẹ́ olórin Pussy Riot sẹ́wọ̀n ọdún méjì ní 2012. Àmọ́ tó bá jẹ́ "melkoe khuliganstvo" (khuliganstvo kékeré), abala 20.1 nínú ìwé òfin àwọn ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké ni, owó ìtanràn tàbí àtìmọ́lé tí ò ju ọjọ́ 15 lọ, kò sọ èèyàn di ọ̀daràn. Tó o bá wá kọ "hooliganism" lásán sí méjèèjì, o ti ba orúkọ ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ nìyẹn o, ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí i.

Báyọ̀_K: "Disorderly conduct" lèmi máa ń kọ fún melkoe.

Ìyá Ògbufọ̀: Báyọ̀, Amẹ́ríkà ló ni ìyẹn. Fún Lọ́ńdọ̀nù, "petty hooliganism" ni, kó o fi nọ́ńbà abala tì í.

Àrẹ̀mú lọ́yà: Màmá ti sọ ọ́ tán. Kí n kàn fi ti "riot" kún un: ẹ má fi túmọ̀ massovye besporyadki o. Nínú Public Order Act 1986, òfin Gẹ̀ẹ́sì lórí àlàáfíà ìlú, èèyàn 12 ó kéré tán ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ kó tó di riot, violent disorder (ìwà ipá tí àwọn kan jọ hù) ń fẹ́ mẹ́ta ó kéré tán, affray (ìjà tó ń dẹ́rù ba èèyàn) ni ẹnì kan ṣoṣo lè dá ṣe. Abala 212 ti Rọ́ṣíà ò ka orí ẹnikẹ́ni, ìwà ipá, iná sísun, bíba dúkìá jẹ́, irú ìyẹn ló ń sọ. "Mass disorder" ni kẹ́ ẹ kọ. Legislation.gov.uk ni kẹ́ ẹ ti ka òfin Gẹ̀ẹ́sì, sáìtì òfin ConsultantPlus fún ti Rọ́ṣíà, Multitran, ìwé atúmọ̀ èdè orí íńtánẹ́ẹ̀tì, dáa láti fi bẹ̀rẹ̀ àmọ́ ẹ má parí ẹ̀ síbẹ̀.

Ọmọ_Mọ́sko: Ẹ ṣé gan-an mà, ẹ ṣé sà. Mo ti padà lọ wò ó, 20.1 ni wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, melkoe ni. Ti 212 yẹn, ẹlòmíì ni wọ́n fi kàn, kì í ṣe oníbàárà lọ́yà. Màá kọ ọ́ kó hàn ketekete.